Ohun tó yẹ kó ti wà lẹ́nu wa kí ọjọ́ ibi tó dé

Ẹ ṣí Bíbélì yín sí Dáníẹ́lì orí 6, kẹ́ ẹ fara balẹ̀ ka ẹsẹ 10. Wọ́n ti fọwọ́ sí òfin, ó sì ti yé Dáníẹ́lì pé inú ihò kìnnìún ni ẹni tó bá gbàdúrà máa bá ara rẹ̀. Ó wọlé, ó kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, ó gbàdúrà, ó dúpẹ́, gẹ́gẹ́ bó ti máa ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn yẹn ni àwọn oníwàásù máa ń fò kọjá, torí pé wọ́n ń kánjú àtidé ọ̀dọ̀ àwọn kìnnìún. Dáníẹ́lì ò bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun lọ́jọ́ náà. Kò wá wòlíì, kò pe àìsùn ọlọ́jọ́ méje. Èyí tó ti mọ́ ọn lára ló ṣe, òun náà ló sì gbé wọ inú ihò.

Jésù fúnra rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ lórí àgbélébùú. Igbe tó ké pé Ọlọ́run òun ti kọ òun sílẹ̀, Sáàmù 22 ẹsẹ kìíní ni. Ọ̀rọ̀ tó fi jọ̀wọ́ ẹ̀mí rẹ̀, Sáàmù 31 ẹsẹ 5 ni. Àdúrà tí Jónà gbà nínú ẹja, tẹ́ ẹ bá tú u wò, ọ̀rọ̀ inú Sáàmù ló kún un fọ́fọ́. Pọ́ọ̀lù àti Sílà kọrin láàárín òru nínú ẹ̀wọ̀n Fílípì (Ìṣe 16:25). Àbà wà lẹ́sẹ̀ wọn, kò sì sí fìtílà tí wọ́n á fi wo ìwé orin. Ẹni tí ara ń ro kì í ráyè ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀. Ohun tó ti wà lẹ́nu rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló máa jáde, tí ẹnu bá sì ṣófo, ìbẹ̀rù ló máa gba ibẹ̀.

Iṣẹ́ ìgbà tí ara dẹ̀ nìyẹn: ká fi ọ̀rọ̀ sẹ́nu kí ọjọ́ tá a máa nílò rẹ̀ tó dé. Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ó sì ní bó ṣe ń bàjẹ́.

Àkọ́sórí

Odidi Sáàmù ni kẹ́ ẹ máa mú, ẹ yé ṣa ẹsẹ kọ̀ọ̀kan. Ẹsẹ ẹyọ kan dùn ún sọ, àmọ́ tí ìrora bá pọ̀, kíá ló máa ń tán lẹ́nu. Odidi Sáàmù ní ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó ń lọ. Ó lè gbé èèyàn láti inú ẹkún dé inú ìgbẹ́kẹ̀lé láìjẹ́ pé ẹni náà ń ronú ohun tó máa sọ tẹ̀ lé e. Èyí tí mo máa ń dábàá nìyí, bí wọ́n ṣe tò yìí gan-an: Sáàmù 13 (ẹsẹ 6), 23 (ẹsẹ 6), 121 (ẹsẹ 8), 130 (ẹsẹ 8), 46 (ẹsẹ 11), 27 (ẹsẹ 14), lẹ́yìn náà Róòmù 8 láti ẹsẹ 31 dé 39. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ 62. Tẹ́ ẹ bá ń kọ́ ẹsẹ 2 lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 31 ló máa gbà, oṣù méje àti díẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ mú ìtumọ̀ Bíbélì kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ sì dúró tì í. Bíbélì àtijọ́ tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe, tó jáde lódindi ní 1884, èdè rẹ̀ le díẹ̀ fún ọmọ ìwòyí. Síbẹ̀, òun ló wà lẹ́nu àwọn àgbà ìjọ láti Òmù-Àrán dé Ìlọfà. Ìyá ìjọ tó máa wá jókòó tì yín lórí bẹ́ẹ̀dì, èdè yẹn ló máa fi gbàdúrà, ìdí nìyẹn tí mo fi fara mọ́ ọn. Ẹni tó bá yan ti òde òní kò jẹ̀bi. Ẹni tó bá ń pa méjèèjì pọ̀ ni ahọ́n rẹ̀ máa kọsẹ̀ nígbà tí ọkàn bá dàrú.

Lọ́jọ́ Ajé, ẹ fi bírò kọ ẹsẹ méjèèjì sínú ìwé ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, kẹ́ ẹ kà á sókè lẹ́ẹ̀mẹwàá. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan nìkan ni kẹ́ ẹ kọ, kẹ́ ẹ máa fi lẹ́tà wọ̀nyẹn fa ọ̀rọ̀ yòókù jáde. Lọ́jọ́rú, ẹ pa ìwé dé, kẹ́ ẹ máa sọ ọ́ lẹ́nu iṣẹ́: nídìí ààrò, nínú Màrúwá, níbi tẹ́ ẹ ti ń to omi. Láti Ọjọ́bọ̀ dé Àbámẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ti tó. Ẹ padà sí i ní ọjọ́ 14 àti ọjọ́ 30, torí ohun téèyàn ò bá padà sí láàárín oṣù kan máa ń sá lọ. Ti àwọn àtijọ́ ni ọjọ́ Ìsinmi: gbogbo èyí tẹ́ ẹ ti kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan kẹ́ ẹ tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ohun tó ń bà á jẹ́ kò pọ̀. Fífi ojú nìkan kà á ló ṣáájú: ojú mọ̀ ọ́n, ẹnu ò mọ̀ ọ́n, bẹ́ẹ̀ ẹnu la máa lò. Àwọn mìíràn mọ nọ́ńbà orí àti ẹsẹ dunjú, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni wọn ò mọ̀. Nọ́ńbà kì í tu ẹnikẹ́ni nínú. Fóònù wá ni ìyókù. Ẹni tó bá ti bá aláìsàn sùn ní UITH, ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ìlọrin, rí mọ bí fóònù ṣe ń rí lọ́jọ́ kẹta: dátà ti tán, bátìrì ń kú lọ, ìwọ̀nba tó kù ni wọ́n sì fi ń pe àwọn tó máa wá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Bíbélì inú fóònù wúlò lọ́jọ́ àlàáfíà. Ẹ ní ti ìwé pẹ̀lú.

Ẹ fi orin méje kún un láti inú ìwé orin ìjọ yín, gbogbo ẹsẹ wọn. Ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀ ju ẹsẹ kìíní àti ègbè lọ. Bẹ́ẹ̀, ẹsẹ tó kángun sí ìparí ni àwọn tó kọ orin àtijọ́ sábà máa ń fi ọ̀rọ̀ ikú àti ọ̀run sí.

Kíkọ́ bí a ṣe ń sunkún sí Ọlọ́run

Sáàmù 13 ni mo fi síwájú, mo sì mọ̀ pé àwọn kan á máa bèèrè pé kí ló dé tí kì í ṣe 91. Ẹ wo bó ṣe tò. Ní ẹsẹ 1 àti 2, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Dáfídì bi Ọlọ́run pé yóò ti pẹ́ tó. Ní ẹsẹ 3 àti 4, ó tọrọ ohun tó fẹ́ láìfi bò: gbọ́ mi, la ojú mi, kí n má bàa kú. Ẹsẹ 5, ó ní òun gbẹ́kẹ̀ lé àánú Ọlọ́run. Ẹsẹ 6, ó ní òun máa kọrin. Kò sí ibì kankan tó ti sọ pé wàhálà náà ti tán. Àárín wàhálà náà ló ti ní òun máa kọrin.

Ẹ̀dùn, ẹ̀bẹ̀, ìgbẹ́kẹ̀lé, orin. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ mú ìṣòro kékeré kan, bí owó ilé tí kò pé tàbí ọmọ tí JAMB ò mú, kẹ́ ẹ gbé e gba ọ̀nà mẹ́rin yẹn lójú Ọlọ́run, kẹ́ ẹ sọ ọ́ sókè. Ẹ má fo ti ẹ̀dùn torí pé ojú ń tì yín. Ẹ má sì dúró síbẹ̀ láì dé ibi ẹ̀bẹ̀, torí àròyé tí kò béèrè nǹkan kan kì í pẹ́ di kíkùn. Ẹni tí kò bá tíì fi ọ̀ràn kékeré ṣe é rí ò ní mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀fọ̀ ṣe é.

Nínú ọ̀pọ̀ ìjọ wa, wọ́n ti kọ́ wa pé onígbàgbọ́ kì í ṣàròyé. "Mo ti borí" ni ìdáhùn wa, kódà tí ojú bá wú fún ẹkún. Ìyẹn ló ń jẹ́ kí àwọn kan ṣíwọ́ àdúrà pátápátá nígbà tí nǹkan bá le: wọn ò mọ̀ pé èèyàn lè gbé ìbéèrè àti ìbínú wá síwájú Ọlọ́run, wọ́n sì kúkú dúró sílé. Sáàmù 88 parí sínú òkùnkùn, kò sí ìyìn kankan ní ìparí rẹ̀, Ẹ̀mí Mímọ́ sì fi í sílẹ̀ nínú ìwé bẹ́ẹ̀.

Ní ti Sáàmù 91, ó dára, ẹ kọ́ ọ tó bá yá. Àmọ́ ká kọ ọ́ sínú bébà ká fi sábẹ́ ìrọ̀rí, tàbí ká rán an mọ́ aṣọ ọmọ, oǹdè la sọ ọ́ dà nìyẹn. Ẹ rántí ẹni tó fi ẹsẹ 11 àti 12 rẹ̀ bá Jésù sọ̀rọ̀ lórí ṣóńṣó tẹ́ńpìlì (Mátíù 4:6). Èṣù náà mọ̀ ọ́n sórí.

Ohun tó ń wó ìgbàgbọ́ lulẹ̀ jù, ìṣòro gan-an kọ́. Ẹ̀kọ́ tí ẹni náà ti gbà sínú kí ìṣòro tó dé ni. Ẹni tí wọ́n ń sọ fún lọ́dọọdún pé àìsàn ò lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń san ìdámẹ́wàá, lọ́jọ́ tí èsì àyẹ̀wò bá jáde, nǹkan méjì ló máa bá jà lẹ́ẹ̀kan náà: àìsàn náà, àti èrò pé bóyá Ọlọ́run purọ́. Torí náà, ẹ jẹ́ kí tọmọdé tàgbà inú ilé ka ibi mẹ́ta yìí pọ̀ nígbà tí ara gbogbo yín ṣì le. Ìṣe 12: Hẹ́rọ́dù kan náà, ìjọ kan náà, ó fi idà pa Jákọ́bù ní ẹsẹ 2, áńgẹ́lì sì yọ Pétérù kúrò lẹ́wọ̀n kí orí náà tó dé ìdajì. Hébérù 11: ní ẹsẹ 34, àwọn kan fi ìgbàgbọ́ bọ́ lọ́wọ́ ojú idà, ní ẹsẹ 37, idà náà pa àwọn mìíràn, ẹsẹ 39 sì jẹ́rìí rere sí gbogbo wọn nítorí ìgbàgbọ́ kan náà. Dáníẹ́lì 3: ẹsẹ 17 ní Ọlọ́run wa lè gbà wá, ẹsẹ 18 ní bí kò bá tilẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, a ò ní sin ère rẹ. Ẹni tí kò bá tíì ní ẹsẹ 18 lọ́wọ́, kó má tíì fi 17 yangàn.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ èyí tó sún mọ́lé, Odò-Ọwá níbí ni ilé Àpọ́sítélì Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ní 1904 ni wọ́n bí i. Ìsọjí ńlá Iléṣà bẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ ìwàásù rẹ̀ ní 1930. Ní 1932, wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Benin. Ta ló máa wá sọ pé àdúrà bàbá yẹn ni kò tó?

Wákàtí, ààwẹ̀ àti ìwé ilé

Ẹ so àkókò àdúrà mọ́ ohun tó ti ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ tẹ́lẹ̀, ẹ má so ó mọ́ ìgbà tó bá wù yín. Ní Ìlọrin, ẹni tó bá ní òun ò rí ohun tó máa jí òun, irọ́ ló ń pa: kí ilẹ̀ tó mọ́, ladánì á ti pe ìrun àsùbáà. Kò sí àbùkù nínú kí onígbàgbọ́ fi ìpè aládùúgbò rẹ̀ dìde sí àdúrà tirẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú tó: márùn-ún fún Sáàmù tẹ́ ẹ ń kọ́, mẹ́wàá fún Bíbélì kíkà, márùn-ún fún àdúrà. Ní ti kíkà, orí 3 lójúmọ́ àti orí 5 lọ́jọ́ Ìsinmi máa parí Bíbélì láàárín ọdún kan, torí orí 1,189 ló wà nínú rẹ̀. Tí mẹ́wàá ò bá tó fún orí mẹ́ta, ẹ fi èyí tó kù sí alẹ́. Inú Léfítíkù ni ọ̀pọ̀ ti ń dúró. Tẹ́ ẹ bá fo ọjọ́ mẹ́ta, ẹ má gbìyànjú àtisan gbèsè náà. Ẹ kàn mú ti òní. Gbèsè yẹn ló ń lé èèyàn kúrò nídìí ìwé.

Ìsìn ìdílé ò gbọ́dọ̀ kọjá ìṣẹ́jú 15. Tí bàbá bá fi wàásù fún ìṣẹ́jú 45, oorun ló ń kọ́ àwọn ọmọ.

Ààwẹ̀ náà nílò ìdánrawò. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé ẹni tí kò gbààwẹ̀ rí á ki orí bọ ọlọ́jọ́ mẹ́ta láìmu omi nígbà tí ọ̀ràn bá dé, á wá dákú, aláìsàn á wá di méjì nínú ilé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ báyìí: oṣù kìíní, ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, kẹ́ ẹ ṣínu ní ago méjìlá ọ̀sán, oṣù kejì, ago mẹ́ta, oṣù kẹta, ago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ẹ máa mu omi. Aboyún, abiyamọ tó ń fún ọmọ lọ́mú, ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà tàbí ọgbẹ́ inú, kí wọ́n fi nǹkan mìíràn du ara wọn, bí tẹlifíṣọ̀n tàbí fóònù. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọ́dọ̀ torí ààwẹ̀ dá a dúró.

Ibi tí mo fẹ́ ká dúró sí pẹ́ díẹ̀ ni ìwé ilé, ìyẹn ojú ìwé kan tí tọkọtaya kọ ìpinnu wọn sí kí wàhálà tó dé. Nínú agbo ilé kan ṣoṣo ní Ìlọrin, ẹ ó bá alfa, ẹ ó bá alàgbà ìjọ, ẹ sì lè bá bàbá kan tí kò tíì fi Ifá sílẹ̀. Alábàágbé rere ni wọ́n. Àmọ́ tí àìsàn bá ti wọ oṣù kẹta, ẹbí máa pé jọ, ẹnì kan á ní "ẹ jẹ́ ká wádìí ẹ̀ o", àánú ló sì máa fi sọ ọ́. Lọ́jọ́ yẹn, kò sí ẹni tó rẹ̀ dénú tó lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ìgbàgbọ́ fún ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Èyí tó bá ti wà nílẹ̀ ló máa gbà á sílẹ̀.

Kí tọkọtaya jókòó nígbà tí kò sí nǹkan kan tó ń ṣe ẹnikẹ́ni, kí wọ́n kọ nǹkan wọ̀nyí sójú ìwé kan: ilé ìwòsàn tí a máa kọ́kọ́ lọ, ohun tí a ò ní ṣe, bó ti wù kó rí, èèyàn mẹ́ta tí a máa pè láàárín wákàtí àkọ́kọ́, pẹ̀lú nọ́ńbà wọn, ẹni kan ṣoṣo nínú ẹbí tó máa máa bá àwọn yòókù sọ̀rọ̀ lórúkọ wa, irú ìsìnkú tí a fẹ́, àti ohun tí a ò fẹ́ kí wọ́n fi opó ṣe. Kí méjèèjì fọwọ́ sí i. Ẹ ka á fún ẹ̀gbọ́n tó jẹ́ olórí ẹbí ní ìdọ̀bálẹ̀ tàbí ìkúnlẹ̀ nígbà tí inú rẹ̀ dùn, bí àsìkò Kérésìmesì tí gbogbo èèyàn wálé. Tẹ́ ẹ bá fi pamọ́ fún un di ọjọ́ wàhálà, àfojúdi ló máa kà á sí. Ìwé ìhágún ọ̀tọ̀ ni; ẹ jẹ́ kí lọ́yà ṣe ìyẹn, kí ẹlẹ́rìí méjì tí kò ní ogún kankan nínú rẹ̀ fọwọ́ sí i lójú yín.

Owó náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní Ìṣe 11:28-30, wòlíì Ágábù sọ tẹ́lẹ̀ pé ìyàn ńlá ń bọ̀. Ohun tí ìjọ Áńtíókù ṣe sí àsọtẹ́lẹ̀ yẹn ni pé wọ́n dáwó, olúkúlùkù bí agbára rẹ̀ ṣe mọ. Ó wù mí kí wọ́n máa ka ibẹ̀ sétí wa lẹ́yìn gbogbo àsọtẹ́lẹ̀ ọdún tuntun. Ìdílé mẹ́wàá tó bá ń dá ₦500 lọ́sẹ̀ máa ní ₦260,000 lọ́dún. Kì í ṣe àjọ, torí kò sí ẹni tó máa kó o. Ẹni tí ọ̀fọ̀ tàbí àìsàn bá ṣẹ̀ la máa fún, kò ní san án padà. Kí èèyàn méjì máa fọwọ́ sí i kí owó tó jáde, kí ìwé ìṣirò wà, kí wọ́n kà á sókè lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta. Ohun tó ń pa irú owó yìí ni yíyá: òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì á kọ́kọ́ yá a, mọ́tò pásítọ̀ á tẹ̀ lé e, lọ́jọ́ tí ọkọ arábìnrin kan bá kú, ọ̀rọ̀ ìtùnú nìkan ló máa kù nínú àpótí.

Ẹni tó ń gbé Gúúsù Kwara kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé ọjọ́ ibi lè bá èèyàn nínú ilé Ọlọ́run. Ní oṣù November 2025, àwọn agbébọn wọ ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Erúkù nígbà tí ìsìn ń lọ lọ́wọ́, wọ́n pa èèyàn, wọ́n sì jí èèyàn gbé. Nehemáyà 4:9 sọ pé wọ́n gbàdúrà, wọ́n sì fi ẹ̀ṣọ́ ṣọ́nà lọ́sàn-án àti lóru. Ìjọ tó bá gbé àìsùn rẹ̀ bọ́ sí ọ̀sán, tó ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tó ń ṣí, tó sì mọ orúkọ gbogbo ẹni tó wọlé lọ́jọ́ náà, kò ṣàìgbàgbọ́. Ẹni tó ń fi olùṣọ́ sẹ́nu géètì ilé rẹ̀, tó wá ń sọ pé ti ṣọ́ọ̀ṣì jẹ́ àìnígbàgbọ́, ó yẹ kó tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ rò.

Tí ọjọ́ náà bá wá dé, ẹ má fi ohunkóhun kún un. Kì í ṣe ìgbà náà lẹ máa jẹ́ ẹ̀jẹ́ tuntun; Oníwàásù 5:4-5 ti sọ ohun tó wà nídìí ẹ̀jẹ́ téèyàn ò lè san. Ẹ dín in kù: Sáàmù kan láàárọ̀, orin kan lálẹ́. Kí ẹnì kan máa bá yín gbé ìyókù. Jésù sọ fún Pétérù kí ó tó ṣubú pé òun ti gbàdúrà fún un (Lúùkù 22:32), ìyẹn ni pé ẹlòmíràn lè di ìgbàgbọ́ ẹni mú fún ẹni fún ìgbà díẹ̀.

Ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, ẹ dán ilé yín wò. Ẹ yan alẹ́ kan, ẹ pa iná àti fóònù, kẹ́ ẹ jókòó yí ká, kí olúkúlùkù sọ èyí tó mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹnì kan máa ka iye rẹ̀. Ibi tẹ́ ẹ bá ti kọsẹ̀, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, ẹsẹ 2, bírò àti ìwé. Ẹ má tíì fi ọwọ́ kan Róòmù 8 títí Sáàmù 27 á fi já geere lẹ́nu ẹni tó kéré jù nínú ilé.